Tom Wills, Ọ̀kan Nínú Àwọn Tí Ó Dá Bọ́ọ̀lù Ọsirélíà Sílẹ̀

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwa tí a ń tọ́mọ lókè òkun yóò rí nǹkan mú nínú ìgbésí ayé rẹ̀.

New South Wales, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni wọ́n ti bí Tom Wills ní 1835. Ẹlẹ́wọ̀n ni bàbá bàbá rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Horatio, bàbá Tom, ti di olówó àgùntàn. Ìdílé náà kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn ibi tí a mọ̀ sí Victoria lónìí, lórí ilẹ̀ àwọn Djab Wurrung. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí ni Tom ń bá ṣeré. Ó gbọ́ èdè wọn, ó sì mọ orin wọn kọ. (Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́ tiwa?)

Ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilé ìwé Rugby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lórí, ṣùgbọ́n òun ni balógun ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì wọn. Ní ìparí 1856 ni ó padà sílé.

Ní July 10, 1858, ìwé ìròyìn kan gbé lẹ́tà rẹ̀ jáde. Ó ní kí àwọn tí ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì má jẹ́ kí ara wọn dẹ̀ nígbà òtútù, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìwé méjì ní Melbourne pàdé, ọmọ 40 níhà kọ̀ọ̀kan, Wills sì wà lára àwọn rẹfirí. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi gbá a, kò sì sí ẹni tí ó borí! Ní May 17, 1859, òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn kọ òfin 10 sílẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni eré tí a ń wò lónìí ti wá, ti ẹni 18 níhà kọ̀ọ̀kan àti bọ́ọ̀lù tí ó rí bí ẹyin. Àwọn kan ní eré bọ́ọ̀lù àwọn onílẹ̀ ni ó wò kọ́. Kò sí ìwé kan tí ó fi í múlẹ̀.

Ní 1861, ó bá bàbá rẹ̀ lọ dá oko àgùntàn sílẹ̀ ní Cullin-la-Ringo, ní Queensland. Òyìnbó kan nítòsí ti yìnbọn pa àwọn onílẹ̀ nítorí àgùntàn. Ní October 17, àwọn onílẹ̀ gbẹ̀san: ènìyàn 19 ni wọ́n pa, Horatio wà nínú wọn. Tom ti lọ kó ẹrù, ìyẹn ni kò fi kú. Àwọn òyìnbó wá pa àwọn onílẹ̀ ní ìpakúpa. Ní 2021 ni ìwé ìròyìn kan ti 1895 tún jáde sí gbangba, tí ó ní Tom wà lára àwọn apànìyàn náà. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lé e.

Láti ìgbà náà ni oorun ti di ìṣòro fún un, ọtí sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti tọ́jú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí: gbogbo ènìyàn ń pè é ní ọ̀mùtí, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ṣe ní 1866. Ọkùnrin tí àwọn onílẹ̀ pa bàbá rẹ̀ lọ kọ́ ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì àwọn onílẹ̀, ó sì ṣe balógun wọn ní pápá ńlá Melbourne lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Inú mi dùn sí èyí ju ti òfin bọ́ọ̀lù lọ. Nígbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1868, ẹlòmíràn ni ó kó wọn lọ.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Geelong títí ara fi kọ̀. Nígbà tí ó yá, owó tán, ó sì dá ọtí dúró lójijì. Ẹ jọ̀wọ́, ara tí ó ti mọ́ ọtí kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró bẹ́ẹ̀ láìsí dókítà: ọwọ́ a máa gbọ̀n, ojú a máa rí ohun tí kò sí. Ní May 1, 1880, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Melbourne, ó sì sá kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó pa ara rẹ̀ ní ilé rẹ̀ ní Heidelberg. Ẹni ọdún 44 ni.

Ọgọ́rùn-ún ọdún ni sàréè rẹ̀ fi wà láìní òkúta. 1980 ni ẹgbẹ́ kríkẹ́ẹ̀tì Melbourne tó gbé òkúta sí i.