Ìtàn Ìgbésí-Ayé Ọ̀gágun Paul von Lettow-Vorbeck (1870–1964)

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ọdún yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, ọ̀gágun àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà bá a pàdé ní ojú ogun ní ilẹ̀ tí ó jìnnà réré sí ilé, púpọ̀ nínú wọn kò sì padà wá mọ́. Nítorí náà ni mo fi rò pé ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, kí a sì fi òtítọ́ wọn ìyìn tí ayé yìn ín.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

A bí Paul von Lettow-Vorbeck ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 1870, ní ìlú Saarlouis. Ọmọ-ogun ni baba rẹ̀, ìdílé ọlọ́lá láti ilẹ̀ Pomerania sì ni ìdílé wọn. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹwìrì, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ogun ṣe jẹ́ iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ fi hàn án. Láti kékeré ni a ti fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di olórí ogun, ní Potsdam àti ní Lichterfelde ní Berlin. Nígbà tí ó di ọdún 1900, ó bá àwọn ọmọ-ogun Jámánì lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Òyìnbó kó ara wọn jọ láti tẹ ọ̀tẹ̀ àwọn Boxer rì.

Ní ọdún 1904 ni ó kọ́kọ́ wá jagun ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ẹ̀yà Herero àti Nama ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Namibia lónìí dìde sí ìjọba Jámánì tí ó gba ilẹ̀ àti màlúù wọn. Ọ̀gágun Lothar von Trotha ni a rán sí wọn, Lettow-Vorbeck sì wà lára àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ lójú ogun. Trotha pàṣẹ pé kí a pa àwọn Herero tàbí kí a lé wọn wọ inú aṣálẹ̀. Òùngbẹ àti ìbọn pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà náà, àwọn tí ó kù sì kú lọ́pọ̀ nínú àgọ́ ìfìyàjẹni. Ní ọdún 2021 ìjọba Jámánì fúnra rẹ̀ gbà pé ìparun ẹ̀yà ni iṣẹ́ náà í ṣe. Ní ilẹ̀ yìí ni ìbọn ti ba Lettow-Vorbeck ní ojú ní ọdún 1906, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran mọ́ títí ó fi kú. Ibẹ̀ náà ni ó ti rí bí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó mọ igbó ṣe lè dá ogun ńlá lágara, nítorí pé àwọn Nama ń kọlù, wọ́n sì ń sá, wọn kò sì dúró kí a yí wọn ká. Ẹ̀kọ́ tí ó rí lára àwọn tí ó bá jà ni ó wá fi gba orúkọ ńlá lẹ́yìn náà.

BÍ Ó ṢE DÉ ÌLÀ-OÒRÙN ÁFÍRÍKÀ

Ní ọdún 1913, Kamẹrúùnù, tí ó bá ilẹ̀ wa pààlà, ni a kọ́kọ́ yàn án sí láti jẹ́ olórí ogun, ṣùgbọ́n a yí ìyànsípò náà padà, a sì rán an lọ sí ilẹ̀ Jámánì ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ náà ni Tanganyika, Rwanda àti Burundi. Ó gúnlẹ̀ sí Dar es Salaam ní oṣù Kìíní ọdún 1914. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹjọ, Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn baba wa ń pè ní ogun Jámánì, bẹ́ sílẹ̀.

Gómìnà ilẹ̀ náà, Heinrich Schnee, kò fẹ́ kí ogun wọ ibẹ̀. Àdéhùn tí àwọn ìjọba ṣe ní Berlin ní ọdún 1885 fi àyè sílẹ̀ kí àwọn ilẹ̀ àárín gbùngbùn Áfíríkà má dá sí ìjà àwọn Òyìnbó. Ṣùgbọ́n Lettow-Vorbeck kò gbà. Ó mọ̀ pé òun kò lè fi ọmọ-ogun kékeré ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń wá ni pé kí Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun, ìbọn àti owó wá sí Áfíríkà, kí wọn má bàa rí wọn lò ní Europe. Lójú tirẹ̀, Áfíríkà jẹ́ ibi tí a lè fi ogun ẹlòmíràn jẹ. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn onílẹ̀ léèrè.

Àwọn Jámánì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà jẹ́ bí 260, àwọn askari, èyíinì ni àwọn ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú, sì jẹ́ bí 2,500. Nígbà tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù, gbogbo wọn tó 14,000, àwọn Jámánì inú wọn sì jẹ́ bí 3,000 péré.

OGUN TANGA

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, Gẹ̀ẹ́sì kó bí 8,000 ọmọ-ogun láti ilẹ̀ Íńdíà wá sí èbúté Tanga. Nǹkan bí 1,000 ni Lettow-Vorbeck ní láti fi dojú kọ wọ́n. Ó fi reluwé kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kíákíá, a sì wí pé òun fúnra rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ inú ìlú ní òru láti wo ipò tí ọ̀tá wà. Nígbà tí ìjà gbóná, ìró ìbọn rú àwọn oyin tí ó wà nínú igbó sókè, oyin sì ta tọ̀tún tòsì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà sínú ọkọ̀ wọn pẹ̀lú ìtìjú, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ìbọn, ìbọn tí ń rọ̀jò ọta 16, àti ọta 600,000 sílẹ̀. Ohun ìjà ọ̀tá ni ó fi bá ọ̀tá jà fún ọjọ́ pípẹ́.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1915 ó borí ní Jassin, ó sì pàdánù àwọn olórí ogun àti ọta púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí i pé bí òun bá ń borí báyìí, òun yóò tán. Láti ìgbà náà ni ó ti fi ogun ojúkojú sílẹ̀, tí ó ń rán ènìyàn díẹ̀díẹ̀ lọ fi àdó olóró ba ojú irin Uganda jẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Königsberg rì ní ẹnu odò Rufiji ní oṣù Keje ọdún 1915, wọ́n tú àwọn ìbọn àgbá rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì ń fi ènìyàn wọ́ wọn kiri inú igbó.

Nítorí pé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun, ohun gbogbo wọ́n wọn. Ní ibùdó ìwádìí Amani, wọ́n ń fi èèpo igi ṣe oògùn ibà. Ó korò púpọ̀, àwọn ọmọ-ogun sì fi orúkọ ọ̀gá wọn sọ ọ́. Wọ́n fi awọ ẹran igbó ṣe bàtà, wọ́n sì fi àgbàdo àti ọ̀dùnkún ṣe búrẹ́dì. Ìpọ́njú ni ìyá ọgbọ́n.

ÀWỌN ỌMỌ NÀÌJÍRÍÀ PÀDÉ RẸ̀

Ní ọdún 1916, Ọ̀gágun Jan Smuts láti South Africa kó ogun ńlá wọ ilẹ̀ náà láti àríwá, àwọn Belgium wọ̀ ọ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìlú ńlá bọ́ lọ́wọ́ Jámánì lọ́kọ̀ọ̀kan: Moshi, Tanga, Tabora, àti Dar es Salaam. Lettow-Vorbeck ń jà, ó ń sá lọ sí gúúsù. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun òyìnbó àti ẹṣin wọn, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ní ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú ni yóò lè fara da ilẹ̀ náà.

Báyìí ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ-ogun mẹ́rin láti Nàìjíríà, tí ogun Kamẹrúùnù ṣẹ̀ṣẹ̀ tán lọ́wọ́ wọn, ṣe wọ ọkọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1916, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Dar es Salaam ní oṣù Kejìlá. Ọ̀gágun Cunliffe ni olórí wọn. Àwọn Hausa ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn pẹ̀lú. Ní àfonífojì Rufiji, òjò ọdún 1917 ba ọ̀nà jẹ́, oúnjẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ebi sì mú wọn títí wọ́n fi ń wa gbòǹgbò inú igbó jẹ. Àwọn kan jẹ èyí tí ó ní májèlé, wọ́n sì kú.

Ní ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1917 ni wọ́n jà ní Mahiwa. Ìjà yìí le ju gbogbo ìjà tí a jà ní ilẹ̀ náà lọ. Lettow-Vorbeck yí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ká, wọ́n sì wà nínú kòtò wọn láìsí omi tó, tí ọta ń rọ̀ lé wọn lórí. Nínú bí 4,900 ènìyàn tí ó wà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí 2,700 ni ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́. Ti Jámánì ju 500 lọ. Jámánì ni ó borí lọ́jọ́ náà, a sì sọ Lettow-Vorbeck di ọ̀gágun, ṣùgbọ́n kò ní ènìyàn tí yóò fi dípò àwọn tí ó kú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ó ré odò Ruvuma kọjá sí Mozambique, ó ṣẹ́gun àwọn Potogí ní Ngomano, ó sì gba oúnjẹ àti ìbọn wọn.

BÍ OGUN ṢE PARÍ

Fún oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi ń lé e kiri Mozambique. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ó tún yí padà, ó gba ilẹ̀ Jámánì kọjá, ó sì wọ Northern Rhodesia, tí í ṣe Zambia lónìí. Ó gba ìlú Kasama ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, láìmọ̀ pé ogun ti parí ní Europe ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀bá odò Chambeshi. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ní Abercorn tí a ń pè ní Mbala nísinsìnyí, ó gbé ohun ìjà sílẹ̀. Jámánì 155 ni ó kù lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú askari 1,168 àti bí 3,500 àwọn aláàárù, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1919 ó gun ẹṣin kọjá ní ẹnubodè Brandenburg ní Berlin, gbogbo ìlú sì ń pariwo ayọ̀, nítorí òun ni olórí ogun Jámánì tí a kò ṣẹ́gun ní ojú ogun.

ÌGBÀ OGBÓ RẸ̀

Ọdún náà ni ó gbé Martha Wallroth níyàwó. Ní ọdún 1920 ó lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀ tí Kapp ṣe láti dojú ìjọba àwarawa dé. Ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n, a sì yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Ó kọ ìwé nípa ogun rẹ̀, ó sì wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti ọdún 1928 sí 1930. Kò wọ ẹgbẹ́ Hitler, síbẹ̀ ìjọba Hitler ń lo orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní oyè Ọ̀gágun Ọmọ-Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1939. Ogun kejì kò bá a ṣeré: àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kú sí i. Nígbà tí ó di aláìní lẹ́yìn ogun náà, Smuts, ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́, wà lára àwọn tí ó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 1953 ó padà lọ wo Dar es Salaam, àwọn askari àtijọ́ sì wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú orin. Ó kú ní Hamburg ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1964, ọjọ́ díẹ̀ ni ó kù kí ó pé ẹni ọdún 94. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu láti san owó fún àwọn askari tí ó kù láyé, lẹ́yìn ọdún 46.

KÍ NI KÍ A WÍ NÍPA RẸ̀?

Akíkanjú ni, kò sí iyàn níbẹ̀. Ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ rìn, ibà mú un gẹ́gẹ́ bí ó ti mú wọn, ó sì ń sọ èdè Swahili sí wọn. Ẹni tí kò mọ̀ ju èyí lọ yóò fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ru ẹrù? Ilẹ̀ náà kò ní ọ̀nà ọkọ̀, kòkòrò ìrù sì ń pa ẹṣin àti màlúù, nítorí náà orí ènìyàn ni gbogbo ìbọn àti oúnjẹ gbà kọjá. A fi agbára mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn aláàárù wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé àwọn tí ó kú lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan tó 100,000, nípa ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà. Lọ́dọ̀ Jámánì, a kò tilẹ̀ kọ iye wọn sílẹ̀. Ogun méjèèjì kó ọkà inú abà àwọn ará oko, wọ́n mú àwọn ọkùnrin tí ì bá ro oko, ìyàn sì mú, kí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918 tó wá gba àwọn tí ìyàn kò pa. A ṣírò rẹ̀ pé àwọn ará ilé tí ó kú ní ilẹ̀ Jámánì náà tó 300,000. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni í fara gbá a.

A mọ ọjọ́ ìbí ọ̀gágun yìí àti ọjọ́ ikú rẹ̀, a mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Àwọn tí ó gbé ìbọn rẹ̀ la odò kọjá kò ní orúkọ nínú ìwé kankan. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn òpópónà kan àti àwọn bárékè ọmọ-ogun tí a fi sọrí rẹ̀. Wọ́n ń tún ìtàn tiwọn wò. Àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ó ṣeé ṣe kí baba-ńlá ẹnìkan nínú wa ti ru ẹrù tàbí kí ó ti gbé ìbọn dé Kamẹrúùnù tàbí Rufiji, kí ó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àgbàlagbà kan nínú agbo ilé rẹ̀. Bí àgbàlagbà náà bá kú, orúkọ náà bá a lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè. Ẹbí tí ó bá ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tàbí àmì-ẹ̀yẹ, tàbí ìwé àtijọ́, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún tí ń bọ̀. Owó kékeré ni yóò ná wa, yóò sì jẹ́ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, gẹ́gẹ́ bí afárá àti ilé-ìwé ti jẹ́ ẹ.

Kí Ọlọ́run bù sí i fún ìlú wa. Àmín.