Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ akọrin tó gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Ìlọrà, mò ń fi orin ìsìn kan dánra wò ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbé ojú sókè, ó bi mí pé mọ́tò wo ni ìjọ fẹ́ rà. Orin náà ń pe Jésù ní ọkọ ìjọ. Ohùn orin ló fà á wálẹ̀ tó fi di ọkọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀. Ọdún mélòó ni màmá yìí ti ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò gbọ́ ohun tí à ń kọ?

Gbogbo wa tá a ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Èdè wa ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sì kàn gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó ni. T. K. E. Phillips, tó darí orin ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, bá ọ̀ràn yìí wọ̀yá ìjà, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ akọrin rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: Ayọ̀ Bánkọ́lé.

Ìlú Jọs ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, 1935. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù, ó sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Luke's níbẹ̀, ìyá rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní Queen's School, Ẹdẹ. Èkó ló dàgbà sí, ó lọ sí Baptist Academy, lẹ́yìn náà ó di akọ̀wé ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba, níbi tí Fẹlá Ṣówándé wà. Ẹni tó wá ṣe iṣẹ́ akọ̀wé bá ọ̀gá orin pàdé!

Ní 1957 ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Guildhall School of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún yẹn náà ni Nigerian Suite rẹ̀ fún píánò jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1959 ó kọ Three Yoruba Songs fún ohùn ọkùnrin àti píánò. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà. Èmi ọmọ ọdún 22, mi ò tí ì parí orí kejì iṣẹ́ ìwádìí mi.

Ohun tó wú mi lórí nínú àwọn orin yẹn ni pé ohùn orin ń gbọ́ràn sí ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè, orin a máa wá ọ̀nà gòkè. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, orin a bá a sọ̀kalẹ̀. Kò sì le gbagidi, torí etí wa kì í béèrè iye tí ohùn fi ga. Bó ṣe rí sí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló ń gbọ́. Píánò pàápàá kì í kàn ṣe ẹlẹ́gbè, àwọn ibì kan wà tó ń sọ̀rọ̀ bí ìlù.

Mo fi fóònù ṣí ọ̀kan fún ìyá àgbà. Ọ̀nà tí akọrin náà ń gbà kọ ọ́ ò bá a lára mu rárá, ó ní ó ń ké bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ṣùgbọ́n ó tún ọ̀rọ̀ orin náà sọ fún mi, kò ṣì í.

Bánkọ́lé kọjá sí Clare College ní Cambridge, ó gba oyè FRCO tí Ṣówándé ti gbà ṣáájú rẹ̀, ó tún lọ kọ́ nípa orin àwọn ẹ̀yà ayé ní UCLA l'Ámẹ́ríkà. Ó padà sílé ní 1966, ó ṣiṣẹ́ ní rédíò NBC, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969. Ó kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jọ, ó pè wọ́n ní Choir of Angels.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, 1976, wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀. Láti inú ẹbí ni ikú náà ti wá. Ọmọ ọdún 41 péré ni. Láti 1974 ló ti kọ Festac Cantata, ṣùgbọ́n nígbà tí FESTAC bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kìíní 1977, ikú rẹ̀ ò tí ì pé oṣù mẹ́ta.

Ní oṣù tó ń bọ̀, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta fẹ́ ṣe àṣálẹ́ orin kékeré kan ní Fídítì: orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, àti díẹ̀ nínú Nigerian Suite. Kíbọ́ọ̀dù tí a rí yá, ojú ìtẹ̀ rẹ̀ kan ò dún mọ́. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ti ń kọ́ bó ṣe máa fò ó. Ìyá àgbà ní iwájú pátápátá ni kí wọ́n fi òun sí.