Oyin Adéjọbí, Adájọ́ Kóòtù Aṣípa

Ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà gba Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá. Àwọn àgbà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ní í gbàgbé ìgbà tí ilé tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán wà kò tíì pọ̀. Bí àsìkò Kóòtù Aṣípa bá tó, ẹni tí kò ní á yà sílé ẹni tí ó ní. Ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àgbà á gba àga. Ẹjọ́ ni gbogbo wọn wá gbọ́. Ẹni tí ó gbé kóòtù náà kalẹ̀ ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí: Olóògbé Olóyè Oyin Adéjọbí.

Ní Òṣogbo ni a bí i ní 1926. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, títí ó fi dàgbà ni ó sì ń tiro. Nílẹ̀ Yorùbá, a gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ arọ, abuké àti àfín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n. Èèwọ̀ ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àṣà wí ọ̀tọ̀, ohun tí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí láàárín ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀. Bí àìlera bá sì bá ọmọ nílé olórogún, kì í pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọwọ́ ìyàwó kejì. Adéjọbí kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ó gbé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde nínú Orogún Adédigba, fíìmù tí ó wà lára iṣẹ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Kì í ṣe ohun kékeré kí ènìyàn gbé ohun tí ayé lè fi bú u síwájú èrò, kí ó sì fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Òṣogbo kan náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ó kú ní 1973, àti Dúró Ládiípọ̀, tí ó kú ní 1978, fi ṣe ibùdó ẹgbẹ́ òṣèré wọn. Láàárín irú àwọn akọni bẹ́ẹ̀ ni Adéjọbí ti wá àyè tirẹ̀. Kì í ṣe ìtàn àwọn ọba àtijọ́ ni a fi mọ̀ ọ́n jù, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ilé: ọkọ àti aya, òbí àti ọmọ, owó àti ojúkòkòrò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n á mọ ibi tí ìtàn ń lọ, oníkálùkù á sì fi ẹnu ara rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ tí ó bá ipò rẹ̀ mu.

Ibi tí Òkukù ti wọ ìtàn yìí nìyí. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba tí ó gbé Òkukù láàárín ọdún 1970 sí 1980, tí ó sì kọ́ oríkì níbẹ̀, bá ẹgbẹ́ Adéjọbí rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Kò dúró wòran lásán. Ó bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Ó ṣàkíyèsí pé òǹwòran kì í ka eré sí ohun ìpawọ́dà nìkan. Ẹ̀kọ́ tí yóò wúlò fún ayé tirẹ̀ ni ó ń wá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, ìjọba àpapọ̀ gbà á, ó di NTA. Orí NTA Ìbàdàn yìí ni Kóòtù Aṣípa ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ náà wò. Kóòtù bá òyìnbó dé. Aṣípa jẹ́ oyè àtayébáyé, tí ó wà lára Ọ̀yọ́ Mèsì. Adéjọbí so méjèèjì pọ̀, ó ní kí wọ́n jọ jókòó. Ìlànà kóòtù ìbílẹ̀ ni a rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbà ni a fi ń parí ọ̀rọ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nípa ọkùnrin yìí nìyí. Ìtàn ọmọ tí ayé ṣe níbi ni Orogún Adédigba. Ó lè jókòó sórí ẹ̀dùn ọkàn yẹn títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Àga ìdájọ́ ni ó jókòó lé dípò rẹ̀, níbi tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ ti gbọ́dọ̀ sọ tẹnu wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí irú kóòtù yẹn bá wà nínú agbo ilé olórogún kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ìyàwó tí a fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ì bá rí ẹni gbọ́ tẹnu wọn.

Olóyè Oyin Adéjọbí kú ní 2000. Ọdún yẹn gan-an ni ìwé tí Barber kọ nípa eré ẹgbẹ́ náà jáde. Aya rẹ̀, Grace Oyin-Adéjọbí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Òṣogbo, náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú iṣẹ́ tíátà.

Lónìí, ẹnìkan á gbé ẹjọ́ ara rẹ̀ sórí fóònù. Kí ẹnìkejì tó lanu, ayé ti dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ṣe kóòtù bí ti Aṣípa nínú kíláàsì, kí ẹnìkan rojọ́, kí ẹnìkejì fèsì, kí adájọ́ má sì sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi tán. Ẹ̀yin àgbà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ẹ̀yin tí ẹ wo ojúlówó rẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún wọn bí a ti í ṣe é.