Edward Appleton: Ọkùnrin tí ó wọn òkè tí ohùn rédíò ń gbà padà sílẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi rédíò gbọ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lálẹ́ rí yóò mọ̀ pé ohùn náà máa ń ròkè, yóò tún lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lọ́sàn-án ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà lè má wọlé rárá. Ẹni tí ó tú àdììtú yìí ni Sir Edward Victor Appleton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde láyé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1965. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ó fi sílẹ̀ kò jìnnà sí òkè orí wa níhìn-ín.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní ìlú Bradford. Òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni bàbá rẹ̀, wọn kì í ṣe olówó. Ọpọlọ pípé ló fi gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ Yunifásítì Cambridge. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó wọ iṣẹ́ ológun, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rédíò sì ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Láti 1901 tí Marconi ti fi rédíò ránṣẹ́ kọjá òkun Àtìláńtíìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń rú àwọn ọ̀mọ̀wé lójú. Ayé rí roboto, tààrà sì ni ìgbì rédíò máa ń lọ. Kí ló wá ń dá a padà sílẹ̀? Ní 1902, Kennelly ní Amẹ́ríkà àti Heaviside ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lábàá pé ìpele kan tí ó ní agbára iná mànàmáná wà lókè, tí ó ń dá ìgbì padà bí dígí ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Àbá ni, ẹ̀rí kò tíì sí.

Ní 1924, Appleton di ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's College, Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Miles Barnett ọmọ New Zealand, lo ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ BBC tí ó wà ní Bournemouth lẹ́yìn tí ètò alẹ́ ti parí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbóhùn tiwọn sí Oxford. Ìgbì kan ń gba ilẹ̀ wá, èkejì ń gba òkè wá. Bí méjèèjì bá bára mu, ohùn á ga. Bí wọ́n bá tako ara wọn, ohùn á lọ sílẹ̀. Wọ́n ń yí gígùn ìgbì náà padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ka iye ìgbà tí ohùn ròkè. Láti inú kíkà yìí ni wọ́n ti ṣírò pé ìpele náà ga tó nǹkan bíi kìlómítà 100. Nígbà tí ó yá, ní 1926, Appleton tún rí òmíràn lókè rẹ̀, tí ó ju kìlómítà 200 lọ. Lẹ́tà E àti F tí ó fi sọ wọ́n lórúkọ ni ayé ṣì ń lò.

Oòrùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìtànṣán rẹ̀ ń fọ́ afẹ́fẹ́ òkè sí wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí ó ní iná nínú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní plasma. Lọ́sàn-án, ìpele tí ó rẹlẹ̀ jù máa ń gbé ìgbì rédíò mì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó máa ń pòórá, tí F yóò sì dá ìgbì padà láti ọ̀nà jíjìn.

Ní 1947, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì. Láti 1949 títí ó fi kú, òun ni olórí Yunifásítì Edinburgh.

Ṣùgbọ́n ní 1946, ó ti kíyè sí ohun kan tí kò bá ìrònú mu. Níbi tí oòrùn ti ń mú jù, lẹ́bàá ìlà agbedeméjì òòfà ayé, plasma kì í pọ̀ jù lọ́sàn-án. Ìhà àríwá àti gúúsù ìlà náà ló ti máa ń pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé padà rí ìdí rẹ̀: agbára iná ọ̀sán ń gbé plasma sókè lórí ìlà náà, ó sì ń ṣàn wálẹ̀ sí ìhà méjèèjì, bí ìsun tí ó tú sókè. Apá àríwá Nàìjíríà ni ìlà yìí gbà kọjá, Èkó kò sì jìnnà sí i.

Nítorí náà ni ẹ̀rọ tí ń wọn òkè fi wà ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà kan rí, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbà Ọdún Ìmọ̀ Ilẹ̀-Ayé Àgbáyé, 1957 sí 1958, fi wúlò fún àwọn olùwádìí. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 ní Òjó, náà ti ní àwọn olùkọ́ físíìsì tí ń kọ ìwé ìwádìí lórí àkọsílẹ̀ Ìbàdàn yẹn.

Títí di òní, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, plasma òkè wa máa ń dà rú, ó sì máa ń ṣi ẹ̀rọ atọ́nà tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lọ́nà. Fóònù tí ń gba irú àmì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà ní ọjà Alábà ní Òjó. Ẹni tí òrùlé wà lórí rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ń jò. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni Appleton. Kò sí ìdí tí ọmọ Ìbà tàbí Okokomaiko kò fi ní lè tẹ̀ síwájú láti ibi tí ó dé.