Nikola Tesla àti Ọkọ̀ Tí A Kò Fi Wáyà Darí (1856–1943)

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi mọ orúkọ Nikola Tesla. Láti ọdún 1960 ni a sì ti fi orúkọ náà pe ìwọ̀n kan nínú ìmọ̀ òòfà. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, tí a kì í sábà mẹ́nu bà, ni ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ó fi ìgbì rédíò darí ní ọdún 1898. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lórí ilẹ̀ lónìí, tí ó ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ darí ọkọ̀ òfurufú kékeré lókè, inú oko tí Tesla ti ro sílẹ̀ ni ó ti ń kórè.

A bí Tesla ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1856, ní abúlé Smiljan, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Austria nígbà náà, tí ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Croatia báyìí. Ẹ̀yà Serb ni àwọn òbí rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni Milutin, bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà jogún iṣẹ́ òun. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tí ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ inú ilé, ni Tesla gbà pé òun ti jogún ẹ̀bùn ìhùmọ̀. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Graz ní ọdún 1875, ó sì gúnlẹ̀ sí New York ní ọdún 1884. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomas Edison fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń dá tirẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1895, iná jó ilé ìwádìí rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sì bá a lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn iná yẹn ni ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sínú omi níwájú àwọn ènìyàn nínú gbọ̀ngàn Madison Square Garden, ní New York. Bátìrì ni ó ń fún ọkọ̀ náà lágbára. Mọ́tò kan ń yí abẹ̀bẹ̀ tí ń tì í síwájú, òmíràn ń yí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a da èérún irin sí. Bí ìgbì láti ọ̀dọ̀ Tesla bá ti dé, àwọn èérún náà á so pọ̀, iná á sì kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á yí ìgò náà dà kí wọ́n lè tú ká, kí wọ́n sì múra de àṣẹ tí ó kàn. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń sún ìtọ́kọ̀ láti ipò kan bọ́ sí èkejì ní títẹ̀léra, nítorí náà Tesla gbọ́dọ̀ máa ka ipò wọ̀nyí lọ́kàn. Àwọn òǹwòran kan gbà pé idán ni. Ọdún yìí kan náà ni Amẹ́ríkà ń bá Spain jagun, Tesla sì rò pé irú ohun ìjà báyìí yóò dẹ́rù ba ènìyàn débi pé ogun yóò tán láyé. Èrò yìí kò ṣẹ rárá. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ìjọba fún un ní ìwé-àṣẹ ìhùmọ̀ 613,809, ṣùgbọ́n àwọn ológun ojú omi kò gba ọkọ̀ náà lò.

Ìbéèrè tí ó le jù kò tíì tán: bí ìgbì ẹlòmíràn bá gba ibẹ̀ kọjá ńkọ́? Ọkọ̀ tí ó bá ń gbọ́ràn sí gbogbo ènìyàn kò ní olúwa. Nínú ìwé-àṣẹ méjì tí ó gbà ní ọdún 1903, Tesla dábàá pé kí a fi ìgbì méjì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ agbàṣẹ má sì ṣiṣẹ́ àfi bí méjèèjì bá dé. Ẹni tí ó bá mọ ìlò àrokò kò ní kà á sí àjèjì: owó ẹyọ méjì tí a so kọjú síra wọn ń sọ ohun tí ẹyọ kan kò lè sọ.

Wàhálà yìí kan náà ni ó bá àwọn tí ń fo ọkọ̀ òfurufú kékeré. Ní ọdún 1937, àwọn ìbejì kan ní Amẹ́ríkà, Walter àti William Good, ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Guff. Nígbà tí iṣẹ́ náà gbilẹ̀, a ya ìkànnì sọ́tọ̀ fún un, ní nǹkan bí 72 MHz ní Amẹ́ríkà àti 35 MHz ní Britain. Síbẹ̀, bí ẹni méjì bá tan ẹ̀rọ lórí ìkànnì kan náà ní pápá kan, ọkọ̀ tí ó wà lókè lè já lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lónìí, lórí 2.4 GHz, nọ́ńbà tirẹ̀ ni ẹ̀rọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní, a sì ń so ẹ̀rọ agbàṣẹ mọ́ ọn kí wọ́n tó fò. Nítorí èyí, ẹni tí ń ra ẹ̀rọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí irú ẹ̀rọ agbàṣẹ tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, kí ó tó wo iye bọ́tìnì rẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ wà lórí ìwọ̀n ìgbì kan náà.

Tesla kò jèrè nínú gbogbo èyí. Ọdún 1915 ni àkókò ìwé-àṣẹ ọkọ̀ rẹ̀ pé. Ní ọdún 1917 ni wọ́n wó ilé gogoro Wardenclyffe, tí ó kọ́ láti máa fi ìròyìn àti agbára iná ránṣẹ́ láìlo wáyà. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kínní, ọdún 1943, ó kú ní òun nìkan nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, ẹni ọdún 86. Ní àkókò yẹn, àwọn ológun Britain àti ti Amẹ́ríkà ti ń fi rédíò darí ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀, kí àwọn ayìnbọn lè máa fi í dánra wò.