Dorothy Hodgkin, Obìnrin Tí Àrùn Ọwọ́ Kò Dá Dúró

Kò sí ọmọ Ìlọrin tí kò tíì gbọ́ ìtàn òkúta tí àwọn àgbà sọ pé àwọn ará ìgbàanì a máa lọ irin lórí rẹ̀, tí orúkọ ìlú náà sì ti ibẹ̀ wá. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìwúlò òkúta, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti bí a ti to àwọn nǹkan náà jọ tí ó fi le tó bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí lépa títí ó fi di ẹni tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí àrùn kọlu ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1910 ni a bí Dorothy Crowfoot ní ìlú Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Íjíbítì, àti lẹ́yìn náà ní Sùdáánì. Ìyá rẹ̀ mọ̀ nípa ewéko, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ nípa bí àwọn obìnrin Sùdáánì ti ń ran òwú tí wọ́n sì ń hun aṣọ. Nígbà tí Dorothy di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Khartoum. Níbẹ̀ ni ó ti rí nǹkan dúdú kan tí ń dán nínú iyanrìn odò kékeré kan. Òmíràn ì bá jù ú nù, ṣùgbọ́n Dorothy fẹ́ mọ ohun tí í ṣe. Ó tọ ọ̀rẹ́ àwọn òbí rẹ̀ kan lọ, Dókítà Joseph, ẹni tí ó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì. Ọ̀gbẹ́ni yìí ràn án lọ́wọ́ títí wọ́n fi mọ̀ pé òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ilmenite. Lẹ́yìn èyí ó fún ọmọbìnrin náà ní àpótí oògùn àti irinṣẹ́ tí yóò máa fi yẹ òkúta wò.

Ilé ẹ̀kọ́ tí Dorothy lọ wà ní ìlú Beccles, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọkùnrin nìkan ni a ń kọ́ ní kẹ́mísírì níbẹ̀ nígbà náà. Dorothy àti ọmọbìnrin kan péré ni a gbà láàyè láti bá wọn jókòó. Nígbà tí ó sì fẹ́ wọ Yunifásítì Oxford, ó rí i pé òun kò mọ èdè Látìn tí wọ́n ń bèèrè, nítorí náà ó jókòó ti ìwé títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1928 ó wọ Oxford.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó yàn. Bí ẹ bá bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ sì wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé hóró kọ̀ọ̀kan ní igun tí ó gún régé. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ojú kò lè rí átọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n bí a bá tan ìtànṣán X-ray sí irú hóró bẹ́ẹ̀, àmì tótòtó yóò hàn lórí fíìmù. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti wọn àwọn àmì wọ̀nyí kí ó sì ṣe ìṣirò wọn, yóò mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù náà ti tò. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Òwe yìí bá iṣẹ́ Dorothy mu pátápátá.

Ní ọdún 1934, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ní ọjọ́ tí ó lọ rí dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ìrora náà gan-an ni ọ̀gá rẹ̀, J. D. Bernal, ya àwòrán X-ray tí ó dára ti hóró pepsin, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Dorothy padà wá, ó sì bá a parí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1937 ó fẹ́ Thomas Hodgkin, ní òpin ọdún 1938 ó sì bí àkọ́bí rẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ yìí ni àrùn oríkèé ara, irú èyí tí í jọ làkúrègbé, wá dé sí i pẹ̀lú agbára. Oríkèé rẹ̀ wú, àtiwọ aṣọ pàápàá di ìṣòro fún un. Ìtọ́jú dín ìrora náà kù, ṣùgbọ́n kò mú àrùn náà kúrò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ìka rẹ̀ ń wọ́.

Nígbà tí ó padà sí ibi iṣẹ́ ní Oxford, ó rí i pé ọwọ́ òun kò lágbára mọ́ láti ti suwíìṣì ńlá tí a fi ń tan ẹ̀rọ X-ray. Kí ni kí ó ṣe? Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì díbọ́n pé ara òun dá. Ó ní kí wọ́n ṣe ọ̀pá gígùn kan mọ́ suwíìṣì náà, kí ó lè rọrùn fún un láti tì í. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọwọ́ tí àrùn ti wọ́ yìí kan náà ni ó sì ń fi mú àwọn hóró tí ó kéré jọjọ, tí ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ orí okùn dígí tín-ín-rín, tí ẹnu fi ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ńláńlá ni ọwọ́ náà ṣe. Ní ọdún 1945, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn bí a ti to pẹnisilíìnì, oògùn tí ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là. Lẹ́yìn èyí ó kọjú sí fítámì B12, èyí tí a fi ń wo irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tí í máa ń pani tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni iṣẹ́ yìí gbà, Kenneth Trueblood sì fi kọ̀ǹpútà bá a ṣe ìṣirò rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1964 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì. Ilẹ̀ Gánà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní yunifásítì, ni ó wà nígbà tí ìròyìn ayọ̀ náà bá a.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò tíì parí. Ní ọdún 1935 ni ó ti kọ́kọ́ ya àwòrán X-ray ti insulin, oògùn àwọn alárùn àtọ̀gbẹ. Átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Ní ọdún 1969 ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá a ṣiṣẹ́ tó yanjú rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ó di arúgbó, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni a fi ń tì í. Síbẹ̀, ní ọdún 1993, ó rìnrìn àjò dé Beijing láti bá àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1994.

Kì í ṣe pé àìsàn dára. Kò sí ẹni tí í gbàdúrà fún un. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ohun tí ara kò lè ṣe ní ọ̀nà kan, ọgbọ́n lè wá ọ̀nà mìíràn sí i. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń gba abẹ́rẹ́ insulin ní Ìlọrin lónìí tí kò mọ orúkọ obìnrin yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ti obìnrin, tàbí pé ara yín kò gbé e, ẹ rántí ọmọbìnrin méjì tí ó jókòó láàárín àwọn ọmọkùnrin ní Beccles, kí ẹ sì rántí ọ̀pá gígùn tí a ṣe mọ́ suwíìṣì.