Thaddeus Stevens, Aṣòfin Ilẹ̀ Amẹ́ríkà (1792–1868)

Ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Vermont ni a bí Thaddeus Stevens sí ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, ọdún 1792. Àbímọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi wọ́, títiro ni ó sì ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Sarah, ìyá rẹ̀, ni ó ṣe wàhálà títí ó fi kàwé jáde ní Dartmouth ní 1814. Ó ṣe tíṣà díẹ̀ ní Pennsylvania, lẹ́yìn náà ni ó di agbẹjọ́rò ní Gettysburg.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní àbùkù. Ní 1821, olówó ẹrú ni ó gbẹjọ́ rò fún nígbà tí Charity Butler lọ sí kóòtù láti gba òmìnira. Stevens borí, obìnrin náà kò sì rí òmìnira gbà. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àwọn ẹrú tí ó sá àsálà ni ó wá ń gbèjà.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ rántí rẹ̀ fún ni ti 1835. Àwọn tí kò fẹ́ san owó orí nítorí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fagi lé òfin ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Pennsylvania ṣe ní 1834. Ilé Ìgbìmọ̀ Àgbà ti gbà fún wọn. Stevens dìde ní Ilé Aṣojú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yí ọkàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà. Bí òfin náà ṣe dúró nìyẹn.

Ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1849, ó kúrò ní 1853, ó sì padà ní 1859. Nígbà ogun abẹ́lé, òun ni alága ìgbìmọ̀ tí ń wá owó ogun. Ní 1863, àwọn ọmọ ogun Gúúsù dáná sun ilé iṣẹ́ irin rẹ̀ ní Caledonia. Lẹ́yìn ogun, ó wà lára àwọn tí ó ṣe àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin orílẹ̀-èdè, èyí tí ó sọ àwọn ẹrú àná di ọmọ onílùú. Ó tún fẹ́ kí a gba ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá Gúúsù, kí a pín éékà 40 fún olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀. Òmìnira wá dé láìsí oko, ọ̀pọ̀ sì tún padà lọ dáko lórí ilẹ̀ olówó wọn àtijọ́.

Ní 1868, gbígbé ni wọ́n ń gbé e wọ ilé aṣòfin nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti yọ Ààrẹ Andrew Johnson. Ìbò kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí wọ́n rí Johnson yọ. Stevens kú ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ ọdún náà. Itẹ́ òkú kékeré kan ní Lancaster ni ó ti yàn tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn ńlá kì í gba òkú ènìyàn dúdú. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.